Lẹ́tà Tó Pè Mí Ní Obìnrin

Agogo mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, àárọ̀ Ọjọ́rú tó kọjá, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ó dá mi lójú, nítorí pé aago orí fóònù mi nìkan ni ohun tí ojú lè rí kedere ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Kùrukùru ti bo ọ̀nà láti Sharjah títí wọ Dubai. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé máa rò pé ọyẹ́ ni, ṣùgbọ́n èyí tutù, ó sì ń rùn díẹ̀ bí iyọ̀ òkun. Láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì, àwọn ilé gíga kò lórí mọ́, ẹsẹ̀ wọn nìkan ló kù. Bọ́ọ̀sì ń rìn jẹ́jẹ́ bíi pé ó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọ̀nà. Gbogbo èrò ló ti sùn lọ, èmi náà sì wà láàárín oorun àti ìjí, nígbà tí fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ mi.

Ìwé kan ni, láti olú ọ́fíìsì wa. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, bó ṣe yé mi ni mo máa sọ ọ́. Wọ́n kí mi kú oríire. Wọ́n ní àwọn ti ka lẹ́tà tí ẹni tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ kọ nípa mi, inú àwọn dùn sí i gan-an, àwọn sì fẹ́ kí n máa darí ẹ̀ka wa ní Al Muraqqabat. Kí n wá rí àwọn ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ṣíwájú orúkọ mi ni "Miss".

Ọkùnrin ni mí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo kàwé jáde ní yunifásítì nílé, mo sì ti ń di ẹrù sínú páálí ní ìlú yìí fún ọdún méjì.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ṣe mí nínú bọ́ọ̀sì yẹn, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́. Kì í ṣe ìbínú ló kọ́kọ́ dé. Ara tù mí. Ó tù mí fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, bí ìgbà tí ènìyàn bá bọ́ bàtà tó há. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù dé. Lẹ́yìn ẹ̀rù ni ìtìjú, ìtìjú pé ara ti kọ́kọ́ tù mí.

Ọ́fíìsì kágò ni ẹ̀ka wa. Àwọn ènìyàn wa máa ń kó ẹrù wá, a ó wọ̀n ọ́n, a ó kó o sínú páálí, a ó fi téèpù dì í, a ó kọ orúkọ ẹni tó ń lọ bá sí i lára, ó di ilé. Àwa mẹ́jọ la wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí ẹni tó ń darí wa ti gba iṣẹ́ mìíràn lọ, a ò ní olórí. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni ẹni tó lọ yẹn, ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. "Yalla, yalla", ìyẹn "ẹ ṣe kíá" lédè Lárúbáwá, ni àdúrà àárọ̀ rẹ̀.

Èmi ò lè pariwo. Nílé ẹ̀kọ́, "Sísí" ni wọ́n ń pè mí. Bàbá mi a ní, "Gbé ohùn ẹ sókè. Àbí o gbé e mì ni?" Níbi iṣẹ́, "ẹ jọ̀ọ́" ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Tí páálí bá ya, mi ò ní bèèrè ẹni tó ya á, téèpù ni mo máa bèèrè. Mo máa ń bi àwọn oníbàárà pé ta ni ẹrù náà ń lọ bá. Tí wọ́n bá ní ìyá àwọn ni, mo máa kọ "Ìyá" sábẹ́ orúkọ, kí àwọn tó máa gbé e lè mọ̀ pé ìyá ènìyàn ló ń dúró dè é. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé mo ní kí wọ́n ṣe é. Mi ò mọ̀ pé ìyẹn lè jẹ́ ìdarí. Mo rò pé ojú tó ń tì mí ni.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ lẹ́tà náà. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè wọ́n, obìnrin ará Ìjẹ̀bú tó ti wà nídìí òṣùwọ̀n fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, wọ́n ti ń wọn ẹrù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ nípa mi?"

"Òótọ́ ni mo kọ." Wọn ò gbójú kúrò lára òṣùwọ̀n. "Kí ló dé? Ṣé wọn ò fẹ́ ẹ ni?"

"Wọ́n fẹ́ mi. Àmọ́ wọ́n pè mí ní Miss."

Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n nà án jìnnà sí ojú wọn. "Ta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló wá fà á?"

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi lẹ́tà náà hàn mí. Orí fóònù ni wọ́n ti kọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ pé mo rọ̀. Pé mo máa ń bẹ àwọn ènìyàn, wọ́n sì máa ń gbọ́. Pé tí wàhálà bá dé, n kì í pariwo, ńṣe ni mo máa ń sún mọ́ ẹni tó ń bínú. Pé ojú mi máa ń rọ omi nígbà míì, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kì í dúró. Gbogbo ibi tó yẹ kí "he" wà, "she" ló wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbọ́ Òyìnbó ẹ̀gbọ́n rí máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí máa ń wọ aṣọ ara wọn lẹ́nu wọn. Ọkọ wọn tó wà nílé, "she" ni lọ́jọ́ míì. Ọ̀gbẹ́ni tó ni ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa ti di "she", ìyàwó rẹ̀ ti di "he", kò sì sẹ́ni tó kú. Ẹ̀bi wọn kọ́. Níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, "ó" kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ayé.

"'She', obìnrin ni, ẹ̀gbọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ló yá jù."

Dírẹ́bà wa, ọmọ Ìbàdàn tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ti gbọ́. Ó gbé páálí tó wà ní èjìká rẹ̀ sílẹ̀ kó lè ráyè kí mi dáadáa. "Ẹ káàárọ̀ o, Màdáámú. Ṣé ẹ máa jẹ́ kí n lọ jẹun lónìí?"

"Fi í sílẹ̀," ẹ̀gbọ́n ní.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ yí i padà, ẹ tún ní kí n fi í sílẹ̀. Ohun tí àwọn dókítà ń fi ọ̀bẹ ṣe, ẹ fi àtàǹpàkò ṣe é."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo máa ń tètè rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà ráyè wo ojú mi.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ sí olú ọ́fíìsì ní Sharjah. Ọ̀gá àgbà tó pè mí jẹ́ obìnrin ará Íńdíà, irun wọn ti ń funfun, ohùn wọn sì ń kan ògiri padà. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n wo ẹ̀yìn mi, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà.

"Arábìnrin náà dà?"

"Èmi ni, mà."

Mo ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé jù, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo sọ fún wọn pé ní èdè wa a kì í ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin tí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀, pé "ó" ni gbogbo wa, pé ẹni tó kọ lẹ́tà náà kò ní nǹkan kan lọ́kàn. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin. Wọ́n wá fa lẹ́tà náà yọ, wọ́n sì tún un kà sókè, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí "he" ni wọ́n ń fi sí gbogbo ibi tí "she" wà. Nígbà tí wọ́n dé ibi omijé, wọ́n gbé e sílẹ̀ sórí tábìlì.

"O rí i?" wọ́n ní. "Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìwé yìí, mo rí obìnrin tí àwọn ènìyàn máa bọ̀wọ̀ fún. Ní báyìí, ọkùnrin tí wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni mo rí."

"Ènìyàn kan náà ni, mà."

"Mo mọ̀. Èmi kọ́ ni mo dá ayé." Wọ́n fi ìka ti lẹ́tà náà sọ́dọ̀ mi. "Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohùn mi ò ju tìrẹ lọ. Wọ́n ní kí n kọ́ bí ọkùnrin ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo kọ́ ọ. Ọmọbìnrin mi kì í fẹ́ gbé fóònù mi mọ́, ó ní ńṣe ni mo máa ń pàṣẹ fún òun."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Wọ́n wò mí bíi pé ẹnikẹ́ni ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn nínú ọ́fíìsì yẹn rí. Lẹ́yìn náà ohùn wọn padà sí bó ṣe wà. "Mú lẹ́tà mìíràn wá ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ṣe é kó jọ ọkùnrin. Tí kò bá jọ ọ́, màá mú ẹlòmíì wá láti ẹ̀ka mìíràn. Khalas, ó parí."

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí mo fi fẹ́ ipò náà, kí ẹ má baà rò pé ìgbéraga ni. Ẹni tó bá ń darí ẹ̀ka máa ń ní yàrá kékeré kan nínú ilé àwọn òṣìṣẹ́ ní Al Warqa. Yàrá ẹnì kan. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì láti inú. Àwa mẹ́fà la wà nínú yàrá tí mò ń gbé ní Sharjah, bedspace ni, ibùsùn nìkan ni ènìyàn ń san owó rẹ̀, mo ti gbàgbé bí ó ṣe ń rí kí ènìyàn jókòó níbi tí ojú kankan kò sí. Èyí ni ìdí kan. Ìdí kejì ni pé lẹ́tà ẹ̀gbọ́n ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan máa to gbogbo ohun tí wọ́n fi ń bú mi láti kékeré jọ, tó sì máa pè é ní nǹkan rere.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, mo gun orí òrùlé ilé wa, níbi tí gbogbo wa ń sá aṣọ sí, mo fẹ́ lọ fi ohùn dánra wò. Oòrùn ò tíì le. Àwọn aṣọ ìbùsùn funfun ń fẹ́ lẹ́lẹ́ yí mi ká, mi ò rí ìlú mọ́, funfun nìkan ni mò ń rí. Mo sọ fún àwọn aṣọ náà pé, "Yalla." Wọn ò yí padà. "Yalla, ẹ ṣe kíá." Etí aṣọ kan rọra kàn mí lójú, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó sunkún. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Mo rò pé bóyá ibí yìí ni mo ti lè jẹ́ ọ̀gá, láàárín àwọn aṣọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ sí Al Ras láti rí ẹnì kan. Ilé búrẹ́dì kan ní Al Warqa ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹ̀fun kì í tán ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. A máa ń jókòó sórí ìjókòó kan létí omi, níbi tí àwọn ọkọ̀ onígi ti ń kó ẹrù, tí òórùn kànáfùrù àti ata gbígbẹ ń fẹ́ jáde láti inú àwọn ìsọ̀. A kì í fara kan ara wa. Àpò búrẹ́dì la máa ń gbé sáàárín. Tí ọwọ́ méjèèjì bá wọnú àpò náà lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ti tó.

Ẹ ò tíì mọ̀ bóyá ọkùnrin ni ẹni yìí tàbí obìnrin. Èdè wa ló bá mi bò ó, bó ṣe ń bá mi bò ó lọ́dọ̀ ìyá mi láti ọdún kan. Ìyá mi a pè, wọ́n a ní, "Ṣé o ti rí ẹnì kan níbẹ̀?"

"Mo ti rí ẹnì kan, mà."

"Ṣé ó máa ń gbàdúrà?"

"Ó máa ń gbàdúrà."

"Ṣé ó mọ oúnjẹ sè?"

"Ó mọ̀ ọ́n sè jù mí lọ, mà."

"Ọlọ́run á bá mi dá a sí."

Mi ò pa irọ́ kankan. Mo máa ń mí kanlẹ̀ tí mo bá gbé fóònù sílẹ̀, mo sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ sọ Yorùbá. Ọkùnrin ni. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mò ń kọ sórí ayélujára yìí, àti nítorí pé bí mo bá fi í pamọ́ fún yín, ohun tí mo fẹ́ bi yín kò ní yé yín.

Mo sọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà fún un.

"Kọ ọ́ pé o le bí òkúta," ó ní. "Ọ̀rọ̀ lásán ni. Ṣé wọ́n máa fi òòlù gbá ẹ wò ni?"

"Tí mo bá wá di òkúta ńkọ́?"

"Ìwọ? Ìwọ tó ń ní kí ológbò má bínú?"

A rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ kan kọjá, omi gbá etí ibi tí a jókòó sí. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Nǹkan kan wà níbẹ̀ ṣá o. Ní báyìí, kò sẹ́ni tó ń wò ẹ́. Olórí ni gbogbo ojú ń wò. Tí wọ́n bá wá ń wò ẹ́, báwo ló ṣe máa pẹ́ tó kí wọ́n tó rí èmi náà?"

"Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yàrá yẹn ń tì."

"Ilẹ̀kùn tó bá ń tì, wọ́n máa ń bèèrè ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀."

Mo ki ọwọ́ bọ inú àpò. Tirẹ̀ ti wà níbẹ̀.

Àbámẹ́ta ni mo dẹ́ṣẹ̀. Ọ́fíìsì kún. Obìnrin kan di ẹrù tó wúwo sínú páálí ògbólógbòó, bí a ṣe gbé e kúrò lórí òṣùwọ̀n ni ìdí rẹ̀ já. Bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìkòkò, bàtà, gbogbo rẹ̀ tú sílẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, oníkálukú ń tẹ ẹrù kọjá. Mo rò ó pé àsìkò ti tó láti dán an wò. Mo gbé àyà síta. "Yalla! Ẹ kúrò níbẹ̀!"

Ohùn náà jáde. Kì í ṣe tèmi. Ohùn bàbá mi ni.

Obìnrin náà rò pé òun ni mò ń lé, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì ń kó àwọn ìkòkò náà sínú gèlè rẹ̀ pé òun ń lọ.

"Ẹ fún un lómi," dírẹ́bà ní, ó sì nawọ́ sí mi. "Nǹkan ti wọ inú ẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ ti obìnrin náà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú, ẹ̀yin kọ́." Ó ń sunkún lọ. Mo gbé bàtà kan nílẹ̀, pẹlẹbẹ, irú èyí tí àgbàlagbà ń wọ̀ nínú ilé. "Ta ló ni èyí?" Ó ní ti ìyá òun ni, ẹsẹ̀ ń wú wọn. Mo ní kí dírẹ́bà jọ̀ọ́ bá wa wá páálí tuntun, ṣùgbọ́n ó ti gbé e dé, ó tiẹ̀ ti fi téèpù dì í nídìí lẹ́ẹ̀mejì. A jọ tún ẹrù náà dì. Èmi ni mo kọ "Ìyá" sí i.

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, dírẹ́bà sún mọ́ mi, kò sì pè mí ní Màdáámú. "Àbúrò, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. O jọ ẹni tó jí ohùn gbé."

Òní ni Ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀gbọ́n ní kí n wá pàdé àwọn nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, kí a jọ tún lẹ́tà náà kọ. A jókòó sórí àga rọ́bà lábẹ́ igi kan. Àtàǹpàkò wọn ń pa "she" rẹ́, ó ń fi "he" rọ́pò rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Nígbà tí wọ́n parí, mo kà á. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀. Wọn ò yọ ohunkóhun, wọn ò fi ohunkóhun kún un, síbẹ̀ ó ti di ẹjọ́ tí wọ́n rò mọ́ mi lẹ́sẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan náà ni," ẹ̀gbọ́n ní. Ó ń yà wọ́n lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ̀yin gan-an ò fi ṣe olórí? Ọdún mọ́kànlá."

Wọ́n pa fóònù dé. "Wọ́n ti fi ipò náà lọ̀ mí lẹ́ẹ̀kan rí, wọ́n tún gbà á padà. Wọ́n ní ohùn mi le jù fún obìnrin." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́. "Tèmi le jù fún obìnrin, tìrẹ rọ̀ jù fún ọkùnrin. Nídìí iṣẹ́ mi, tí òṣùwọ̀n bá ń sọ iye méjì fún ẹrù kan ṣoṣo, òṣùwọ̀n la máa ń gbé lọ fún àtúnṣe. A kì í gé ẹrù. Ṣùgbọ́n èmi ò ní yàrá tí mo fẹ́ gbà. Ìwọ lo mọ ohun tí o fẹ́. Ohun tí o bá ní kí n kọ, màá kọ ọ́."

Bí mo ṣe dìde, wọ́n ní, "Ṣé ó wà dáadáa?"

"Ta ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹni tó ń fún ẹ ní búrẹ́dì tí o máa ń kó wá síbi iṣẹ́."

"Ó wà dáadáa, mà."

"Kí o bá mi kí i." Wọn ò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mọ̀.

Aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ti lù. Mo jókòó sórí òrùlé láàárín àwọn aṣọ gbígbẹ, lẹ́tà méjì sì wà nínú fóònù mi. Nínú èyí àkọ́kọ́, "he" nìkan ló yí padà, gbogbo ìyókù jẹ́ èmi. Ìkejì, èmi ni mo kọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n láti buwọ́ lù. Ó ní mo le, mo lágbára, ẹ̀rù mi ń ba àwọn òṣìṣẹ́. Ó jọ ọkùnrin. Ó jọ bàbá mi. Tí mo bá fi ìkejì ránṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí n ní ilẹ̀kùn tó ń tì, ṣùgbọ́n màá máa jí ohùn gbé lójoojúmọ́ kí wọ́n má baà gbà á padà. Tí mo bá fi àkọ́kọ́ ránṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí n máa di páálí lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì wò mí, bí ẹni tí mo fẹ́ràn ṣe fẹ́. Tàbí kí obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kì í gbé fóònù rẹ̀ tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, kó sì rántí ohùn tó ní tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti darí ènìyàn rí, ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ fún pé ẹ le jù tàbí ẹ rọ̀ jù, àti ẹ̀yin tí "ó" ti bò lójú àwọn ìyá yín bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, mo ní títí di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, èwo nínú méjèèjì lẹ máa fi ránṣẹ́? Tí ẹ bá sì ti fi irú ìkejì ránṣẹ́ rí, ẹ sọ fún mi, ṣé ohùn yín padà wá?